Ilẹ̀ Mọ́tò Ìyá Mi

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ẹsẹ̀ ọmọdé kì í kan ilẹ̀ nínú mọ́tò wa. Bí a bá ti wọlé sẹ́yìn, a óò ká ẹsẹ̀ sórí àga, a óò gbá orúnkún mọ́ àyà, bàbá mi á sì bojú wẹ̀yìn kó tó tan mọ́tò, á ní, "Ṣé ẹ ti ká ẹsẹ̀ yín?" Ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ mọ́tò náà. Ihò kan wà lẹ́yìn àga awakọ̀ tó tó àwo ọbẹ̀, òmíràn wà nítòsí ilẹ̀kùn tí ọwọ́ àgbàlagbà lè gbà kọjá, àwọn kéékèèké tó yí wọn ká kò ṣe é kà. Ìjàpá ni mọ́tò náà, irú èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí búùtù rẹ̀ wà níwájú, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ju méjì lọ. Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn ihò ẹ̀yìn àga awakọ̀ yẹn. Mo máa ń wo títì tó ń sá lọ lábẹ́ mi láti Ìkọ̀tún títí dé Ìdímù, òkúta, ẹrẹ̀, èèpo ọsàn, gbogbo rẹ̀ á máa lọ. Àfi ọjọ́ tí sàǹdà ilé-ìwé mi kan já bọ́ síbẹ̀. Mo pariwo, bàbá mi ò dúró. Ó ní, "Ṣebí mo ní kí ẹ ká ẹsẹ̀." Bí wọ́n ṣe ń dá ẹjọ́ nílé wa nìyẹn: mọ́tò ló luhò, ọmọ ló jẹ̀bi. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, mo ti ní mọ́tò tèmi, síbẹ̀ bí mo bá jókòó sẹ́yìn mọ́tò ẹlòmíràn, ẹsẹ̀ mi ṣì máa ń fẹ́ ká fúnra rẹ̀. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, inú á bí mi.

Ilé oníyàrá mẹ́jọ ni tiwa, kọ̀rídọ̀ kan là á láàárín, kànga wà lẹ́yìn, igi máńgòrò kan wà níwájú tí mọ́tò máa ń sinmi sábẹ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló máa ń kọ́kọ́ jí. Ìró tẹ̀sùbáà rẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, tàkì, tàkì, tàkì, láàárín rẹ̀ á máa bú adìyẹ tó fẹ́ wọ yàrá. Lẹ́yìn náà ni okùn kànga á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, àwọn ayálégbé á máa jà lórí ẹni tó kàn nílé ìwẹ̀, ìgbálẹ̀ á máa dún níta. Ẹ̀kọ mímu àti àkàrà la fi ń ṣínu, bí àkàrà bá sì kéré, àwa ọmọ mẹ́ta á pín ẹyọ méjì. Èmi ni àkọ́bí, nítorí náà èmi ni mo ń gba èyí tó kéré jù, kí n lè fi ìwà àgbà hàn. Iṣẹ́ tèmi, bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ni láti gbọ́n omi kúrò nínú mọ́tò. Abọ́ ike kan wà fún un àti àkísà kan. Omi náà pọ́n bí epo, kò sì sí ọṣẹ tó ń mú òórùn rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni. Ìyá Àgbà á máa wò mí láti ojú wíńdò, á ní, "Rìsí, ìwọ ń gbọ́n omi, ihò ńkọ́? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá." Ó mọ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀. Kò kàn sí ẹni tó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan òun, yàtọ̀ sí ìyá mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó ni mọ́tò, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Ìyá mi ló ni ín. Iṣẹ́ dírẹ́bà ni bàbá tó bí ìyá mi ṣe n'Ìbàdàn títí ó fi dàgbà. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó fi lé ìyá mi lọ́wọ́. Ọmọkùnrin mẹ́ta wà níjókòó o. Ó ní ìyá mi nìkan ló máa ń dúró ti òun láti kékeré bí òun bá ń tún un ṣe, ìyá mi nìkan ló sì mọ ibi tó ti ń dun mọ́tò náà. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló wà á wá sí Èkó, òun ló ń fi í lọ síbi iṣẹ́ tíṣà rẹ̀ ní Ìṣẹ̀rí-Ọlọ́fin. Bàbá mi, tó ń ta páànù ìbolé lọ́jà Ìkọ̀tún, kò mọ mọ́tò wà rárá nígbà náà. Ìyá mi ló kọ́ ọ, ní pápá ilé-ìwé, lọ́jọ́ Sátidé, àwa ọmọ wà lẹ́yìn tí a ń fọwọ́ bo ẹnu kó má baà gbọ́ ẹ̀rín wa. Ọjọ́ tó gbàwé ìwakọ̀ ni ìyá mi bọ́ sí àga ẹ̀gbẹ́. Láti ìgbà náà, bí àwọn méjèèjì bá jọ jáde, bàbá mi ló ń wà á, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní mọ́tò Alájì. Bí mo bá ní mọ́tò ìyá mi ni, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ìyá ẹ fúnra ẹ̀ ńkọ́, ta ló ni ín?" Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má láàlà. Ti ọkọ àti ìyàwó ni wọn ò fẹ́ rí ààlà kankan níbẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ sàǹdà yẹn, ìyá mi ní ó tó gẹ́ẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan ó tú àwọn àga mọ́tò jáde, ó tò wọ́n sábẹ́ igi máńgòrò, ó ká rọ́bà ilẹ̀ kúrò, ó sì mú òòlù kékeré kan tó bá mọ́tò wá láti Ìbàdàn. Ó ń fi í kan ilẹ̀ mọ́tò náà díẹ̀díẹ̀, láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ó ní kí n súnmọ́ ọn. "Gbọ́ èyí," ó kàn án, ó dún kóó. "Irin nìyẹn." Ó sún síwájú díẹ̀, ó tún kàn án, ó dún pọ̀ bí ẹni lu páálí. "Ìpẹtà nìyẹn. Ọ̀dà tí wọ́n kùn ún ló gbé e ró, kò sí irin níbẹ̀ mọ́." Ibi tó bá ti dún pọ̀, á fi ṣọ́ọ̀kì funfun tó mú bọ̀ láti ilé-ìwé yí i ká. Nígbà tó fi máa parí, ṣọ́ọ̀kì ti yí ìdajì ilẹ̀ mọ́tò ká. Ibi tó burú jù ni abẹ́ bátìrì, tó jẹ́ pé abẹ́ àga ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ló ń gbé nínú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, omi rẹ̀ sì ti ń kán síbẹ̀ láti ọdún gbọ́ọ́rọ́. Mo bi í pé ṣé wọn ò kàn lè fi nǹkan bò ó ni. Ó ní, "Kí ni wọ́n fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́? Ohun tí kò sí? Àfi kí wọ́n gé e títí wọ́n á fi kan irin tó dáa, kí wọ́n tó jó tuntun mọ́ ọn." Mo ti jókòó síwájú ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n láti ìgbà yẹn, mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó yé mi tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá Lámídì ni wọ́n gbé mọ́tò lọ fún, pánẹ́lì-bítà tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ìgándó. Ọwọ́ rẹ̀ dáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Mọ́tò tó bá forí sọ ògiri, bí ó bá ti na irin rẹ̀ tán, ẹni tó ni ín gan-an á máa wá ojú ọgbẹ́ tì. Ìyá mi mú mi dání. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ tọ́ka sí àwọn ibi tí ṣọ́ọ̀kì yí ká, ó ní, "Ọ̀gá Lámídì, gbogbo èyí ni kí ẹ gé kúrò. Ẹ má fi nǹkan bò ó o. Ẹ sì jọ̀ọ́, irin tó nípọn ni kí ẹ fi sí i, kì í ṣe páànù."

"Ó yé mi, màdáámù," Lámídì dáhùn, ṣùgbọ́n títì ló ń wò, ó ń wo ẹ̀yìn ìyá mi bí ẹni pé ẹnìkan ṣì ń bọ̀. "Alájì ńkọ́?"

"Alájì wà lọ́jà. Èmi ni mo gbé e wá."

"Mo mọ̀, màdáámù. Mo kàn ní kí n gbọ́ lẹ́nu Alájì náà ni, kí n tó fi irin kan mọ́tò wọn."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni. Ó ní, "Ọ̀gá Lámídì, ẹ gé mọ́tò mi jàre," a sì fẹsẹ̀ rìn padà sílé. Òun tó mọ ìró irin yàtọ̀ sí ti ìpẹtà kò gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ.

Ọjọ́ kejì ọjọ́ náà ni bàbá mi wá mú mi nílé kéú, ó sì ní ká yà sọ́dọ̀ Lámídì. Mọ́tò ṣì wà bó ṣe wà. Lámídì nu ọwọ́, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Alájì, màdáámù ní kí n gé e. Ó pọ̀ o. Ọ̀sẹ̀ méjì ni." Bàbá mi ní ọ̀sẹ̀ méjì ti pẹ́ jù. Àáfà Àgbà ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Sunday, àwọn ẹbí wa kan fẹ́ so yìgì ní Gowon Estate, òun ló sì ti ṣèlérí láti fi mọ́tò gbé Àáfà lọ. Àáfà yìí ni olórí ẹ̀sìn nílùú àwọn bàbá mi. Bó bá yìn ọ́, gbogbo ẹbí ti yìn ọ́ nìyẹn. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, ó wo ihò, ó ní, "Kí la fẹ́ gé? Mo ní páànù nísọ̀. Màá ní kí wọ́n kó èyí tó tẹ́jú wá. Ẹ tẹ́ ẹ lé e, ẹ lù ú kó jókòó, ẹ kùn ún lọ́dà, ẹ wá fi kápẹ́ẹ̀tì pupa bò ó."

"Màdáámù ní kì í ṣe páànù o, Alájì."

"Ṣé màdáámù ló máa gbé Àáfà ni?"

Lámídì rẹ́rìn-ín, bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. Lójú mi ni Lámídì mú àkísà tó ní kẹrosíìnì lára, tó sì nu ṣọ́ọ̀kì ìyá mi kúrò nílẹ̀ mọ́tò. Kò tiẹ̀ fi ìbínú nù ún. Ó nù ún bí ẹni nu ọbẹ̀ tó kán sílẹ̀. Ohun tó ń dùn mí jù títí dòní nìyẹn, pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ibi fún ìyá mi níbẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ méjì ni wọ́n. Nígbà tí a ń lọ sílé, bàbá mi ra bọ̀ọ̀lì fún mi, ó ní, "Rìsí, ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn o. Ọmọ dáadáa kì í gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá lọ sọ́dọ̀ ìyá." Mo jẹ bọ̀ọ̀lì náà tán. Mi ò sọ fún ìyá mi.

Ọjọ́ kẹta mọ́tò padà wálé. Àwọn ayálégbé jáde, wọ́n ń fọwọ́ ra kápẹ́ẹ̀tì pupa, wọ́n ń kí bàbá mi kú oríire. Àwọn àbúrò mi wọlé, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ fò lórí rẹ̀. Ìyá mi ń gún iyán lẹ́yìnkùlé. Ó fi ọmọ odó sílẹ̀, ó wá, ó bọ́ bàtà, ó fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́tò lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó gbé àga ẹ̀yìn sókè, ó wo bátìrì fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí bàbá mi ń jẹun, ó wá bá a. "Bàbá Rìsí, wọn ò gé e o. Orí ìpẹtà ni wọ́n tẹ́ páànù lé."

"Lámídì ló ní bẹ́ẹ̀ ló dáa jù," bàbá mi fèsì láìgbójú sókè. "Òun ló mọ iṣẹ́ rẹ̀."

"Ilẹ̀ abẹ́ bátìrì ti ga. Páànù lórí páànù, ọ̀dà lórí ọ̀dà, ẹ wò ó, bátìrì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan sípírìńgì àga. Bí ẹni tó wúwo bá jókòó síbẹ̀, á gbiná."

"Ẹ̀yin tíṣà. Kò sí ohun tí ẹ kì í kọ́ ènìyàn." Ó bu iyán. Mo wà nídìí ògiri, mo gbé omi ìfọwọ́ dání, mo ń wo iwájú mi. Irọ́ ni bàbá mi pa. Kò ju irọ́ kékeré lọ, irú èyí tí àwọn ọkọ ń fi ń jẹun ní ìrọ̀wọ́-rọsẹ̀, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ ọ́n nínú ilé yẹn. Ìyá mi gba bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ó bá di lẹ́yìn Sunday, òun á padà lọ bá Lámídì jà.

Lọ́jọ́ Sunday, Àáfà Àgbà dé, ó wọ agbádá funfun balau, ó sanra, ó sì níyì. Ẹnikẹ́ni tó bá lórí pípé, iwájú ni yóò fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí nínú mọ́tò onílẹ̀kùn méjì. Bàbá mi kọ̀. Ó ní ènìyàn pàtàkì kì í jókòó ti dírẹ́bà, apá ọ̀tún lẹ́yìn ni ibi ọlá. Wọ́n tẹ àga iwájú síwájú, àwọn ọkùnrin méjì sì fọgbọ́n kó Àáfà wọlé bí ẹni ń kó bẹ́ẹ̀dì gba ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní kí n wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí n gbé kìtáàbù rẹ̀ dání. Bàbá mi ò ní kí n ká ẹsẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyá mi dúró sẹ́nu géètì, kò sọ nǹkan kan, nítorí a kì í bá ọkọ jiyàn níwájú àlejò. A kọjá Ìdímù láyọ̀. Ẹ̀gbẹ́dá la ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn. Àáfà ní, "Alájì, kí ló ń jó?" Bàbá mi ní àwọn tó ń dáná sun pàǹtí ni. A rìn díẹ̀ sí i. Àáfà bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìdí, ó ní ibẹ̀ ń gbóná o, ó ti ń gbóná jù, kí èéfín tó bẹ̀rẹ̀ sí í rú láàárín èmi àti òun. Bàbá mi tẹ bíréèkì. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bí a ṣe kó Àáfà jáde. Mo mọ̀ pé kìtáàbù ni mo kọ́kọ́ jù sí títì, mo sì mọ̀ pé ọkùnrin kan tó ń ta bíríkì sáré gbé yanrìn wá, ó dà á sórí àga, iná kú. Àáfà kò fara pa, Ọlọ́run ṣeun, àmọ́ agbádá balau ti jó lẹ́yìn, ihò ńlá kan tí à ń gbà rí ṣòkòtò rẹ̀. Èrò pé jọ. Ẹnìkan nínú wọn bèèrè pé, "Ta ló ni mọ́tò yìí?" Bàbá mi, ẹni tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n bí mi, dáhùn kíákíá pé, "Ti ìyàwó mi ni."

Wọ́n máa ń sọ nípa ọmọ pé èyí tó dáa ni ti bàbá, èyí tí kò dáa ni ti ìyá. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń sọ ọ́ nípa mọ́tò.

Nírọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ti délé ṣáájú wa. Ìyá Àgbà jókòó sí pálọ̀, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣùgbọ́n kò kà á. Bàbá mi jókòó, ó fajú ro. Àáfà ti wọ mọ́tò ẹlòmíràn lọ síbi yìgì, ó pẹ́ débẹ̀, gbogbo ẹbí ló sì rí ẹ̀yìn agbádá rẹ̀. Ìyá Àgbà ní, "Ìyá Rìsí, mọ́tò rẹ fẹ́ dáná sun ẹni ọ̀wọ̀. Ó ti dójú ti ọkọ rẹ. Kúnlẹ̀ kí o bẹ̀ ẹ́." Ìyá mi wo bàbá mi, ó ń retí kó sọ nǹkan. Bàbá mi ń wo ilẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Rìsí, ẹ má bínú." Mi ò mọ ohun tó gbé mi dé àárín pálọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo gbọ́ ohùn ara mi: "Bàbá ló ní kí Lámídì má gé e. Páànù ìsọ̀ Bàbá ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Lámídì tiẹ̀ sọ fún wọn pé Màámi ní kì í ṣe páànù."

Mò ń retí ìgbájú, kò wá. Bàbá mi ní, "Ta ló bi ẹ́?" ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ìyá mi kò wò mí, bẹ́ẹ̀ ni kò wo bàbá mi. Ó dìde. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde. Bí àgbà bá ní kí ènìyàn kúnlẹ̀, àgbà náà ló yẹ kó ní kó dìde, gbogbo obìnrin ilé ọkọ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó lọ yọ ọbẹ̀ kúrò lórí iná.

Ọlidé ni ọjọ́ kejì, kò sí ilé-ìwé. Lẹ́yìn tí gbogbo wa ti jẹun àárọ̀, tí oòrùn ti là, ìyá mi wọ ṣòkòtò bàbá rẹ̀ kan tó wà nísàlẹ̀ àpótí, ó fi okùn so ó nídìí. Ó tú àwọn àga sílẹ̀, ó gbé bátìrì jáde, ó fa kápẹ́ẹ̀tì pupa yọ, ó jù ú sórí koríko. Ó mú irin pẹlẹbẹ kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ, ó mú òòlù ńlá, ó kúnlẹ̀ sínú mọ́tò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ariwo náà dé ojú ọ̀nà. Páànù bàbá mi ló kọ́kọ́ ká bí ewé, lẹ́yìn náà ni ìpẹtà tó wà lábẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ lódindi. Àwọn ayálégbé yọjú, obìnrin kan ní, "Ìyá Rìsí, ẹ rọra o, mọ́tò Alájì nìyẹn." Ìyá mi ń gé e lọ. Ó gé e títí ó fi kan irin tó dáa yíká, títí ó fi jẹ́ pé kò sí ilẹ̀ kankan mọ́ tí ẹnikẹ́ni lè tẹ́ nǹkan lé. Ìgbà tí Ìyá Àgbà jáde, a rò pé ó wá bínú ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ègé ìpẹtà kan nílẹ̀, ó fi ìka méjì fún un, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó títí. Ó ní, "Orí èyí ni ọmọ mi gbé Àáfà lé?" Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sábẹ́ igi máńgòrò, ó jókòó, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ títí ìyá mi fi ṣe tán.

Ní ọ̀sán, bàbá mi wọlé láti ọjà, ó bá mọ́tò tí èèyàn lè dúró nínú rẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yanrìn. Ìyá mi ti ránṣẹ́ pe Lámídì, òun náà ti dé. Lámídì wo ibi tí ìyá mi gé, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé iṣẹ́ náà wú u lórí, etí irin náà mọ́ tónítóní. Ó yọ fìlà. Ó yíjú sí bàbá mi. Ẹ bá mi gbọ́ o: obìnrin tó gé mọ́tò dúró síwájú rẹ̀, òógùn bò ó, òòlù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, bàbá mi ló yíjú sí. Ó ní, "Alájì, báwo la ṣe fẹ́ ẹ báyìí?" Bàbá mi wo ìyá rẹ̀. Ìyá Àgbà wo òkè. Bàbá mi ní, "Kí lo ń bi mí sí? Bi ẹni tó ni mọ́tò." Ìgbà yẹn ni Lámídì tó yíjú sí ìyá mi, ó ní, "Màdáámù, mò ń gbọ́." Ìyá mi sọ fún un: irin tó nípọn, kó tẹ̀ ẹ́ bí tàtijọ́ ṣe tẹ̀, kó jó o yíká láìfo ibì kan, kó kùn ún lókè, kó kùn ún nísàlẹ̀, kí ilẹ̀ abẹ́ bátìrì wà nísàlẹ̀ bí ó ṣe yẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Lámídì fi ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni, wọn ò tún un ṣe mọ́ títí ìyá mi fi fẹ̀yìn tì.

Ní gbogbo ẹbí wa, bí wọ́n ṣe ń ròyìn ọ̀rọ̀ yìí ni pé Alájì ṣe bí ọkùnrin, ó fi ẹnu ara rẹ̀ gbà pé ìyàwó òun ló ni mọ́tò. Wọ́n sọ ọ́ níbi ìsìnkú rẹ̀, àwọn ènìyàn mi orí. Bàbá mi ti lọ, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò mirí. Mọ́tò bàbá ìyá mi, tí ìyá mi wà wá sí Èkó, tí ìyá mi fọwọ́ ara rẹ̀ gé, ẹnu bàbá mi ló padà ti jáde pé ti ìyá mi ni kí wọ́n tó gbọ́. Bí bàbá mi bá ti dákẹ́ lọ́jọ́ náà, ṣé Lámídì ò bá ṣì dúró síbẹ̀ títí dòní? Mo ti gbé ìbínú yìí káàkiri fún ogójì ọdún ó lé, mo sì gbà pé èmi nìkan ni mo ń gbé e, nítorí pé onísùúrù ni gbogbo ayé ń pe ìyá mi.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí i. A jókòó, à ń ṣa ẹ̀wà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ìkúnlẹ̀ yẹn, Lámídì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níbi ìsìnkú. Mo ní, "Màámi, mo mọ̀ pé ó ti tán nínú yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wí." Ó ṣa òkúta kan jáde, ó sọ ọ́ nù.

Ó ní, "Rìsí, ta ló sọ fún ẹ pé ó ti tán?"